Ẹsẹ̀ Ẹfọ̀n Dà? Ìrìn Mi sí Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ Nítorí Lẹ́ńsì

Ẹ̀yin ará Oǹdó, ẹ sinmi ariwo. Láti ìgbà tí mo ti dé ni ẹ ti ń wọ́ tẹ̀lé mi pé kí ni mo lọ ṣe ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́ tí mo fi dúdú bí ìdí ìkòkò, tí ẹsẹ̀ mi sì kún fún àpá ẹ̀gún. Àwọn kan ní ọkọ ni mo lọ fẹ́. Àwọn kan ní mo lọ wá oògùn tí ṣọ́ọ̀bù mi yóò fi máa tà. Ọlọ́run ló máa dá yín lẹ́jọ́. Ẹfọ̀n ni mo lọ yà ní fọ́tò, ẹfọ̀n oníwo, ẹran abìjà tó ń gbé inú igbó.

Ẹni tí kò bá mọ̀ mí, èmi ni Bọ́sẹ̀ ayafọ́tò. Iṣẹ́ mi ò ju kí n ya ọkọ àti ìyàwó, kí n ya ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jókòó, kí n ya àgbàlagbà tó fẹ́ kí àwọn ọmọ máa rí ojú òun lára ògiri. Ẹranko kan ṣoṣo tí mo yà rí ni ajá tíṣà kan, ìyẹn náà sì bù mí jẹ.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Fúnmiláyọ̀, ló ránṣẹ́ sí mi. Ògbómọ̀ṣọ́ ló lọ́kọ sí. Làmídì ni ọkọ rẹ̀ ń jẹ́, aṣọ́gbó ìjọba ni. Igbó ńlá kan wà ní òkè Ọ̀yọ́ lọ́hùn-ún tí ìjọba ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe ọdẹ níbẹ̀ mọ́, apá kan rẹ̀ ni Làmídì sì ti ń ṣọ́ láti ìgbà tí irun rẹ̀ ṣì dúdú. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ọ̀gá tuntun kan dé sí ọ́fíìsì wọn. Ó fi mọ́tò yí igbó náà po lẹ́ẹ̀kan, kò rí nǹkan kan, ó ní kò sí ẹfọ̀n níbẹ̀ mọ́. Ó ní irọ́ ni Làmídì ń pa, pé ẹran tó ti tán ló ń ròyìn kí wọ́n má baà ní kó máa lọ sílé. Bẹ́ẹ̀, ó kù díẹ̀ kí bàbá yìí fẹ̀yìn tì. Ọ̀rọ̀ náà ti dé àdúgbò, wọ́n ti sọ ọ́ ní Bàbá Ẹlẹ́fọ̀n, wọ́n á pè é tán, wọ́n á bú sẹ́rìn-ín.

Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ní kí wọ́n sọ fún mi ò gùn. Ó ní, "Kí Bọ́sẹ̀ gbé kámẹ́rà rẹ̀ wá. Wọ́n ń pe bàbá àwọn ọmọ mi ní òpùrọ́."

Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́

Lẹ́ńsì tó wà lẹ́nu kámẹ́rà mi, lẹ́ńsì inú ilé ni. Ẹni tó jókòó sórí àga níwájú rẹ̀ ló mọ̀. Bí mo bá fi ya ẹran tó wà ní òdìkejì odò, ohun tí ẹ ó rí kò ní ju eérú tó ta sára aṣọ lọ. Wọ́n ní Alájì kan wà ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ tó ń tún kámẹ́rà ṣe, pé ó ní àwọn lẹ́ńsì tó ń fa ọ̀nà jíjìn mọ́ra. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ yà sí.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ máa gbọ́ àṣà àwọn ará Ọ̀yọ́. Níbí, bí mo bá wọ ṣọ́ọ̀bù ẹnìkan, mà á kí i, mà á sọ ohun tí mo wá rà. Lọ́hùn-ún, ẹ ò gbọdọ̀ dán an wò. Alájì Sàláwù dìde, ó ní ẹ kú ewu ọ̀nà, ẹ kú ìrìn, ẹ kú oòrùn, ṣé àlàáfíà ni ẹ bá dé, ilé ńkọ́, ọmọ ńkọ́, ṣé òjò ti ń rọ̀ lọ́dọ̀ yín? Bí ó ti parí tirẹ̀ ni ẹni tó ń rán aṣọ ní òdìkejì ọ̀nà náà bọ́ síta wá kí mi, ìyàwó rẹ̀ tẹ̀lé e, ó kúnlẹ̀. Èmi rèé, mo fẹ́ rí lẹ́ńsì. Mo la ẹnu pé, "Alájì, ohun tí mo wá fún ni," ó ní, "Ẹ jẹun ná. Ọ̀rọ̀ kì í sá lọ." Wọ́n gbé ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà wá. Mo jẹ ẹ́ pẹ̀lú ìbínú, ṣùgbọ́n n ò ní purọ́, àkàrà náà dùn.

Wọ́n tún ń fi ohùn mi rẹ́rìn-ín. Mi ò tíì sọ gbólóhùn kan tán tí aránṣọ yẹn fi ní, "Ará Oǹdó ni yín, àbí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ." Mo ní kó sanwó kó tó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó yá, mo ròyìn ọ̀rọ̀ Làmídì àti ẹfọ̀n fún Alájì. Ó tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, ó ní kí n jẹ́ kí òun rí kámẹ́rà mi. Ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún.

Ó ní, "Ìyá Fọ́tò, ẹ wò ó, kámẹ́rà ò yàtọ̀ sí ìgbéyàwó. Ọmọ nìkan kọ́ lẹ máa fẹ́, gbogbo ẹbí ẹ̀ lẹ máa bá lò. Tiyín yìí, ti Jámánì ni. Lẹ́ńsì tí wọ́n bá ń lọ́ bí ìdérí ìgò nìkan ni ẹnu ẹ̀ gbà. Àwọn ti Jàpáánù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé yìí, èèyàn kàn ń kì í bọ̀ ọ́ ni, ó dún káà, ó ti wọlé. Ó yá ju tiyín lọ. Ṣùgbọ́n lẹ́ńsì wọn ò lè wọ ẹnu tiyín láéláé."

Mo ní, "Ṣé kí n pa èyí tì ni, kí n bọ́ sínú ẹbí Jàpáánù?"

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Bí ẹ bá bọ́ síbẹ̀, gbogbo ohun tí ẹ ní lẹ máa pààrọ̀. Ọwọ́ yín sì ti mọ èyí. Ẹfọ̀n ò ní dúró de ẹni tó ń kọ́ kámẹ́rà tuntun lọ́wọ́."

Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn. Ó wá gbé méjì tó bá ẹnu kámẹ́rà mi mu síwájú mi. Èkíní kúkúrú, ó sanra bí agolo mílíìkì ńlá, dígí ni wọ́n tò sínú rẹ̀, ó sì fúyẹ́. Fáífù họ́ńdírẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ń pè é, iye yẹn ló ń sọ bó ṣe ń fa ọ̀nà jíjìn mọ́ra tó. Èkejì gùn tó apá mi láti ìgúnpá dé ìka, ó wúwo bí ọmọ odó. Tírì họ́ńdírẹ́ẹ̀dì ni ìyẹn.

Ó ní, "Onídígí yìí máa fa ẹfọ̀n wá sí àyà yín. Àmọ́ bí ojú ẹ̀ ṣe là sílẹ̀ nìyẹn, ẹ ò lè là á jù bẹ́ẹ̀, ẹ ò lè dín in kù. Ibi tí ẹ bá dojú ẹ̀ kọ nìkan ló máa mọ́. Ohun tó bá wà lẹ́yìn á ṣe bàìbàì, omi tó bá ń dán á di òrùka-òrùka. Èkejì yìí ò fà tó o, ṣùgbọ́n ẹ lè dín ojú ẹ̀ kù títí iwájú àti ẹ̀yìn á fi jọ mọ́."

Mo gbé onídígí sójú, mo yọjú sí ẹnu ọ̀nà. Ẹyẹ kan bà sórí páànù lọ́nà ibi tí wọ́n ń gbà lọ sí Ọjà Akẹ̀sán. Ha! Mo rí ẹyinjú ẹyẹ náà. Mo rí ìyẹ́ ọrùn rẹ̀ tí atẹ́gùn ń gbé sókè. Ọkàn mi fà mọ́ ọn. Mo ní, "Alájì, èyí ni. Mi ò wá òmíràn."

Ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ mú èkejì dání náà, kò burú."

Mo ní rárá o, èmi ò lè fi èjìká ru odó wọ igbó. Ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó fi aṣọ wé onídígí fún mi pé kí n máa gbé e lọ, kí n dá a padà bí mo bá ṣe tán. Ó ní òun àti Làmídì jọ kéwú nígbà èwe, pé bí Làmídì bá sọ pé òun rí ẹfọ̀n, òun rí i ni.

Ògbómọ̀ṣọ́

Ìgbà máńgòrò ni mo wọ Ògbómọ̀ṣọ́. Ibi gbogbo ló ń rùn máńgòrò, àwọn obìnrin Ọjà Igbó kó o jọ gègèrè, eṣinṣin ń ṣe fààjì tiwọn lórí rẹ̀. Ilé Làmídì ò jìnnà sí ọjà náà. Mo bá ẹ̀gbọ́n mi níwájú ilé, ó ti rù díẹ̀. Ó dì mọ́ mi, ó pẹ́ kó tó tú mi sílẹ̀.

Làmídì jáde wá. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó ní, "Àna mi, dìde, dìde. O kúuṣẹ́ o, o gbọ́ ìpè." Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í sọ̀rọ̀ sókè. Láfún àti gbẹ̀gìrì ni wọ́n fi ṣe mí lálejò, ẹran ìgbẹ́ ò sì sí nínú ọbẹ̀ aṣọ́gbó, ẹran ewúrẹ́ ni. Mo jẹun, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ mí, bí mi ò bá rí iyán, ó dà bí ẹni pé mi ò tíì jẹun. Mo béèrè bóyá wọ́n ń gúnyán ní ìlú yìí. Ìyá àgbà ilé náà tó wà ní ìyàrá kejì ní, "Hẹ̀n-ẹ́n, oníyán dé!" Bí wọ́n ṣe ń pè mí nìyẹn títí mo fi kúrò níbẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ìyá náà fúnra rẹ̀ gúnyán fún mi, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun fẹ́ gún un.

A jókòó síta lọ́sàn-án, ọkùnrin kan ń gun kẹ̀kẹ́ kọjá. Ó kígbe pé, "Bàbá Ẹlẹ́fọ̀n! Ẹ bá wa kí wọn o!"

Làmídì ní, "Wọ́n á gbọ́."

Mo ti dìde. Ẹnu mi ti ṣí, èpè ti wà níbẹ̀. Làmídì ní, "Jẹ́ kó máa lọ. Ṣé òun nìkan ni?" Ó ní, "Àna mi, lẹ́yìn Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni ọ̀gá yẹn máa wá gba yúnífọ́ọ̀mù mi. Kó gbà á, aṣọ ni. Ohun tó ń dùn mí ni pé ó ní mo purọ́. Mo ti jẹ gàárì lásán nínú ilé yìí, mi ò purọ́ níbẹ̀ rí. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú ilé mi máa wojú mi, kó máa rò ó."

Ẹ̀gbọ́n mi ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Kò gbé orí sókè.

Etí odò

Ẹ má bi mí bí a ṣe dé inú igbó náà. Mọ́tò gbé wa, ẹsẹ̀ gbé wa, ó tán. Abúlé kékeré kan ni a gbà wọ̀ ọ́. Àwọn ará ibẹ̀ fún wa ní omi mu, wọ́n ní kí Làmídì gbàdúrà fún ọmọ kan tí ara rẹ̀ ò yá, ó sì ṣe é. Wọn ò pè é ní Ẹlẹ́fọ̀n. Bàbá Aṣọ́gbó ni wọ́n ń pè é.

Ahéré koríko ni a dé sí. Oòrùn ibẹ̀ ò mọ ojú àlejò. Kòkòrò kan wà tó ń gún ni bí abẹ́rẹ́ dókítà, orí aṣọ ló ti ń gún ọ. Gàárì àti ẹja gbígbẹ ni oúnjẹ wa. Làmídì ní kí n wẹ páúdà ọrùn mi kúrò, pé ẹfọ̀n á gbọ́ òórùn rẹ̀ kó tó rí mi. Mo ní páúdà yìí ò ní òórùn. Ó kàn ń wò mí. Mo wẹ̀ ẹ́ kúrò.

Ní àárọ̀, a lúgọ sẹ́yìn àpáta létí odò. Ọ̀gbẹlẹ̀ ti mú omi náà lọ sílẹ̀, ibi kan ló ṣẹ́kù tí àwọn ẹran ti ń mu. A dúró, a dúró. Ọrùn ń dùn mí, mo ti ń bínú sí ẹfọ̀n tí mi ò tíì rí. Àfi bí koríko òdìkejì ṣe mì. Ọ̀kan yọ, òmíràn yọ, wọ́n ń yọ bọ̀, wọ́n pupa, wọ́n dúdú, wọ́n tóbi ju bí mo ṣe rò lọ. Èyí tó ṣáájú, ìwo rẹ̀ kan ti ṣẹ́. Làmídì fọwọ́ kan apá mi. Ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Abìwo-kan nìyẹn. Mo mọ ìyá ẹ̀." Omi ti wà lójú rẹ̀.

Mo gbé onídígí lé e. Orí Abìwo-kan kún inú kámẹ́rà bámúbámú. Mo rí irun etí rẹ̀, mo rí ẹyẹ kékeré tó ń ṣa kòkòrò lára rẹ̀, mo rí bí imú rẹ̀ ṣe tutù. Mo tẹ̀ ẹ́, mo tẹ̀ ẹ́, mo ya fíìmù náà tán. Bí a ṣe ń padà bọ̀, orin ni mo ń kọ.

Ẹsẹ̀ dà?

Mo fi aṣọ bo fèrèsé yàrá kan nílé ẹ̀gbọ́n mi, mo fọ fíìmù, mo tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ó dára. Bí mo bá kú lónìí, mo ti ya fọ́tò. Làmídì dì í mú bí ẹni di ọmọ tuntun mú, ó ní kí wọ́n pe Bàbá Àkàndé wá. Ọdẹ àtijọ́ ni bàbá yìí, òun ló dàgbà jù ní àdúgbò náà, ohun tó bá sọ nípa ẹran, kò sí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Bí fọ́tò náà bá ti tẹ́ ẹ lọ́rùn, ọ̀gá ọ́fíìsì á gbà á. Àwọn ará àdúgbò náà tẹ̀lé e, ọkùnrin oníkẹ̀kẹ́ sì wà láàárín wọn.

Bàbá Àkàndé gbé fọ́tò náà sún mọ́ ojú, ó gbé e jìnnà. Ó pẹ́.

Ó ní, "Orí ẹfọ̀n nìyí. Ẹsẹ̀ ẹ̀ dà?"

Mo ní, "Bàbá, orí ni mo yà."

Ó ní, "Mo rí i. Orí ẹfọ̀n wà lára ògiri ilé mi. Ó wà lára ògiri ilé gbogbo ọdẹ tó wà ní ìlú yìí. Ara tó gbé e dà? Ilẹ̀ tó tẹ̀ dà? Àwọn òrùka wo sì ni wọ́n kùn sára ògiri lẹ́yìn ẹ̀ yìí?"

Mo ní, "Ògiri kọ́, bàbá. Omi ni. Oòrùn ló ń dán lára omi."

"Omi wo ló ń di òrùka, ọmọ mi?"

Ọkùnrin oníkẹ̀kẹ́ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, àwọn tó kù gbà á. Ojú mi ṣú. Mo pariwo, mo ní ará oko ni gbogbo wọn, mo ní wọn ò mọ lẹ́ńsì, mo ní dígí ló wà nínú rẹ̀. Bí ará ibẹ̀ ṣe ń ṣe nìyẹn: wọ́n jẹ́ kí n sọ tán, wọ́n ní ẹ kú iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n bí ọkàn mi ṣe rọ̀, kí ni mo rí? Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta ni nínú yín tí mo lè gé lẹ́sẹ̀ nínú fọ́tò tó máa gbà á? Ṣebí ìyá kan ní ìlú yìí ló da fọ́tò rẹ̀ padà fún mi nítorí pé bàtà rẹ̀ kan ò yọ, ó ní, "Bọ́sẹ̀, ṣé arọ ni mí ni?" Ẹni tó bá wá ya fọ́tò, á jókòó kó pé, á kọjú síwájú, á tẹ́ ọwọ́ lé orúnkún, ẹsẹ̀ méjèèjì á wà nílẹ̀. Bí a ṣe ń mọ̀ pé ènìyàn wà láyé nìyẹn. Èmi tí mo mọ èyí ju baba ẹnikẹ́ni lọ, mo rí lẹ́ńsì tuntun, mo gbàgbé gbogbo rẹ̀.

Bàbá Àkàndé fọwọ́ lé èjìká Làmídì. Ó ní, "Èmi gbà ọ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n bí o bá gbé èyí fún ọ̀gá yẹn, á ní o lọ ya ògiri ilé mi." Ó ní kí a má jẹ́ kó rí i. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́kàn mi, ẹnu mi ò tíì lè sọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi gba fọ́tò náà, ó wò ó, ó dojú rẹ̀ dé sórí àga, ó wọ ilé ìdáná lọ. Làmídì ń wò ó títí ó fi wọlé.

Ọ̀yọ́ lẹ́ẹ̀kejì

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ Alájì, mi ò dúró gba ẹ kú ewu ọ̀nà. Mo ní, "Alájì, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

Ó ní, "Ẹ káàbọ̀. Ẹ kú àárẹ̀. Mo sọ fún yín, Ìyá Fọ́tò. Mo ní bí ẹ bá mú èkejì dání, kò burú."

"Kò burú! Ṣé bí ẹ ṣe ń kìlọ̀ fún ènìyàn nìyẹn?"

Aránṣọ òdìkejì ti gbọ́, ó kígbe láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pé, "Ìyá, ní Ọ̀yọ́ níbí, bí a bá ti ní kò burú, a ti pariwo nìyẹn!"

Kí ni mo fẹ́ sọ? Ẹ̀rín pa mí. Wọn kì í ta ko àlejò lójú rẹ̀, wọ́n fẹ́ kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn án. Tírì họ́ńdírẹ́ẹ̀dì ti wà lórí tábìlì, Alájì ti nù ún, ó ti wá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí mo máa gbé e lé. Ó jẹ́ kí n jẹun kó tó sọ̀rọ̀ iṣẹ́. Ó wá fi hàn mí bí mà á ṣe dín ojú lẹ́ńsì náà kù kí iwájú àti ẹ̀yìn lè jọ mọ́, ó ní oòrùn gbọ́dọ̀ mú dáadáa, ẹni tí mo bá ń yà kò sì gbọdọ̀ mira. Ó ní, "Ó máa ń fa ẹ̀yìn wá síwájú pẹ̀lú. Ohun tó jìnnà síra á dà bí ẹni pé wọ́n fara kanra."

Ibẹ̀ ni ojú mi ti là. Mo ń ya ọkọ àti ìyàwó pọ̀ láti ọjọ́ tí mo ti ń jẹun nídìí iṣẹ́ yìí. Kí ló lè ní kí n má ya aṣọ́gbó àti ẹran rẹ̀ pọ̀?

Làmídì dúró

Nígbà tí a padà dé ahéré inú igbó, mo sọ ọ́ fún Làmídì. Ó ní, "O fẹ́ kí n dúró létí odò, kí n kọjú sí ọ, kí n kọ ẹ̀yìn sí wọn."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n. Odò á wà láàárín."

Ó ní, "Odò yìí ò dé orúnkún ẹfọ̀n. Láti ìgbà tí mo ti wà nínú igbó yìí, mi ò kọ ẹ̀yìn sí wọn rí." Ó lọ ṣe àlùwàlá, ó kírun, ó wọ yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀ tó ti lọ̀, ó de bọ́tìnnì rẹ̀ dé ọrùn.

Òkúta pẹlẹbẹ kan wà létí omi lápá ọ̀dọ̀ wa. Ibẹ̀ ló dúró sí. Èmi wà lórí ilẹ̀ gíga lẹ́yìn lọ́hùn-ún pẹ̀lú ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta mi. Mo rí i láti orí dé ẹsẹ̀. Ó dúró gẹ́gẹ́ bí àwọn oníbàárà mi ṣe máa ń dúró, ọwọ́ méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, gìgísẹ̀ kan èkejì.

Àwọn ẹfọ̀n dé. Abìwo-kan ló tún ṣáájú. Ó rí ènìyàn, ó dúró, ó gbé imú sókè. Nínú lẹ́ńsì, ó dà bí ẹni pé ó ń mí sí Làmídì lọ́rùn. Mo yọ ojú kúrò, mo rí i pé ó ṣì jìnnà. Mo tún fi ojú sí i, ó tún ti wà lọ́rùn rẹ̀. Mo fẹ́ tẹ̀ ẹ́, àfi bí ìkùukùu ṣe bo oòrùn.

Ha, Olúwa mi! Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ nínú òjìji yẹn, kò ní mọ́. Bí mo bá pariwo pé kí Làmídì máa bọ̀, ẹfọ̀n á gbọ́. Mo dúró. Abìwo-kan tẹ ẹsẹ̀ kan bọ omi. Mo gbọ́ bí omi ṣe ró. Làmídì náà gbọ́ ọ, mo rí i lójú rẹ̀. Ètè rẹ̀ ń mì, àdúrà ló ń gbà, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ò yí, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò yẹ̀. Ẹfọ̀n tẹ ẹsẹ̀ kejì bọ̀ ọ́. Èmi ọmọ ìjọ Áńgílíkà, mo gbọ́ tí ẹnu mi ń sọ pé Bisimilááì.

Oòrùn yọ. Mo tẹ̀ ẹ́.

Mo yí fíìmù, mo tún tẹ̀ ẹ́. Abìwo-kan fọn imú, ó yí padà, gbogbo wọn bá a wọ inú koríko lọ. Làmídì ò tíì mira. Mo sáré sọ̀ kalẹ̀, mo ní, "Ó ti tán, ẹ̀gbọ́n! Ẹ máa bọ̀!"

Ó ní, "Ṣé ẹsẹ̀ wọ́n yọ?"

Mo ní ó yọ. Nígbà náà ló tó jókòó sórí òkúta náà, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú, èmi náà jókòó tì í, mo sunkún bí ọmọdé.

Nílé

Bàbá Àkàndé ló kọ́kọ́ rí i. Ó fi ìka tọ́ ẹsẹ̀ Làmídì, ó tọ́ ẹsẹ̀ àwọn ẹfọ̀n lọ́kọ̀ọ̀kan, àti àwọn tó wà nínú omi. Ó ní, "Wọ́n wà láàyè," kò sọ jù bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin oníkẹ̀kẹ́ ní kí n jọ̀ọ́, kí n ya òun náà bí mo bá ráyè. Mo ní kó lọ wá ẹfọ̀n tirẹ̀.

Ọ̀gá ọ́fíìsì dé lẹ́yìn Jímọ̀. Ó wo fọ́tò náà títí, ó ní òun mọ òkúta yẹn, mọ́tò òun dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà tí òun yí igbó náà po. Ojú tì í, ṣùgbọ́n kò fi pamọ́, ìyẹn ni mo fi yìn ín. Ó nawọ́ sí Làmídì, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ títí ẹ ó fi fẹ̀yìn tì." Ó gba ẹ̀dà kan, ó lọ.

Nígbà tí gbogbo ènìyàn ti tú ká, Làmídì gbé fọ́tò náà lọ bá ẹ̀gbọ́n mi ní ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Èmi wà níbẹ̀, mo ń bó máńgòrò. Ẹ̀gbọ́n mi nu ọwọ́, ó gbà á. Ó wo ojú ọkọ rẹ̀ nínú fọ́tò. Ó wo ẹfọ̀n tó wà lẹ́yìn ọrùn rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì.

Ó ní, "Bàbá Ràṣídì, ẹ dákun, ẹ fi orí jì mí. Èmi náà rò pé irọ́ ni."

Máńgòrò dúró lọ́wọ́ mi.

Làmídì ò bínú. Ó ní, "Mo mọ̀, Fúnmiláyọ̀. Láti ọjọ́ tí ọ̀gá yẹn ti sọ ọ́ ni o ò ti lè wojú mi mọ́. Ṣé o rò pé nítorí yúnífọ́ọ̀mù ni mo ṣe kọ ẹ̀yìn sí ẹfọ̀n?"

Ó nawọ́ sí i, ó gbé e dìde.